Òrùka ọwọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà: Ẹ̀ṣọ́ ni, àbí ibùba àrùn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Òwe náà ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì fara sin fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ọwọ́ wíwẹ̀ ti kọjá ti oúnjẹ. Ibẹ̀ ni ilé-ìwòsàn. Níbẹ̀, ọwọ́ tí a kò wẹ̀ lè sọ ìyá ọmọ di òkú, ó lè sọ ìkókó di ẹni ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àrùn tó gba ara ọwọ́ wọlé lè rán dókítà tó wá tọ́jú aláìsàn lọ sọ́run.

Bí ènìyàn bá wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ wù ú ni bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe múra. Aṣọ wọn mọ́, bàtà wọn ń dán, àwọn mìíràn sì fi aago kékeré kan kọ́ àyà, tí orí rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oge lásán ni aago àyà yẹn. Kì í ṣe oge rárá. Nítorí kí ọrùn ọwọ́ nọ́ọ̀sì lè ṣófo, kí ọṣẹ àti omi lè dé gbogbo ibẹ̀, ni aago ṣe kúrò lọ́wọ́ tó bọ́ sí àyà. Ohun tó wá ń ya ni lẹ́nu ni pé ẹni tó gbé aago kọ́ àyà nítorí ìmọ́tótó náà lè ní òrùka wúrà méjì mẹ́ta níka, kí ẹ̀gbà ọwọ́ sì máa dún wọnjanwọnjan bó ṣe ń na ọwọ́ sí ọmọ tuntun.

Yorùbá kò kórìíra ẹ̀ṣọ́. Láti ayébáyé ni a ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀, ide àti wúrà ṣe ara lóge. Òrùka sì ju ọ̀ṣọ́ lọ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn: òrùka ìgbéyàwó ń fi ẹ̀rí hàn pé adélébọ̀ tàbí baálé ilé ni ẹni tó wọ̀ ọ́, àwọn mìíràn ń wọ òrùka tí wọ́n gbà fún ààbò, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sì ní ìdè Ifá lọ́rùn ọwọ́. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kòkòrò àrùn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òrùka ìfẹ́ àti òrùka oge. Ibi tó bá rí sá sí ni ilé rẹ̀.

OHUN TÓ WÀ LÁBẸ́ ÒRÙKA

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn pín kòkòrò àìfojúrí tó wà lára ọwọ́ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan jẹ́ onílé: wọ́n ti ń gbé inú awọ ara wa tipẹ́, wọn kì í sì í sábà ṣe ènìyàn ní ibi. Àwọn kejì jẹ́ àlejò: ara aláìsàn, ara bẹ́ẹ̀dì, ara ìgbẹ́, ìtọ̀ àti ọgbẹ́ ni ọwọ́ ti ń kó wọn. Àwọn àlejò yìí ló léwu jù nílé-ìwòsàn, àwọn kan náà ló sì rọrùn jù láti fi ọṣẹ lé lọ. Fífọ ọwọ́ dáadáa, ó parí.

Ibi tí òrùka ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí. Abẹ́ òrùka máa ń gbóná, ó máa ń tutù rinrin, ìdọ̀tí àti òógùn sì máa ń há síbẹ̀. Ọṣẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, omi kì í ṣàn án tán, aṣọ ìnuwọ́ kì í sì í gbẹ ẹ́. Tí òrùka náà bá tún ní òkúta olówó iyebíye lórí, tàbí tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí i lára, ihò àti kọ̀rọ̀ tí kòkòrò lè fara pamọ́ sí pọ̀ sí i nìyẹn.

Kì í ṣe àbá lásán ni. Lọ́dún 1985, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ abẹ́ òrùka ìgbéyàwó àwọn nọ́ọ̀sì wò. Nínú 100, bí 40 ló ní àwọn kòkòrò bakitéríà tó léwu fún aláìsàn lábẹ́ òrùka wọn, àwọn mìíràn sì gbé irú kòkòrò kan náà kiri fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìyẹn ni pé ní gbogbo oṣù wọ̀nyí, wọ́n ń fọ ọwọ́, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n ń jí, àlejò náà kò sì kúrò nílé.

Lọ́dún 2003, ìwádìí mìíràn jáde láti ìlú Chicago, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lórí àwọn nọ́ọ̀sì 66 tó ń tọ́jú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí àìsàn wọn le. Ohun tí wọ́n rí ni pé kòkòrò tó wà lára awọ tí òrùka bò fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ti ibi tí kò sí òrùka lọ. Bí iye òrùka ṣe ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹnì kan ni ewu pé yóò gbé kòkòrò àlejò kiri ń pọ̀ sí i.

Òtítọ́ kò ní ká máa fi kún un, kò sì ní ká yọ nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé kòkòrò máa ń pọ̀ lábẹ́ òrùka, ṣùgbọ́n iye aláìsàn tí àrùn wọn ti ara òrùka wá gan-an ṣòro láti kà, nítorí pé ọ̀nà tí àrùn ń gbà dé ara aláìsàn kò lóǹkà. Síbẹ̀, ewu méjì mìíràn wà tí ojú lásán lè rí. Òrùka tó ní ṣóńṣó máa ń ya ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí òṣìṣẹ́ fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, nígbà mìíràn kò ní mọ̀ pé ó ti ya. Ó sì máa ń ha awọ ara aláìsàn, pàápàá ti àwọn arúgbó àti ti ìkókó, tí awọ wọn fẹ́lẹ́.

ÈÉKÁNNÁ GÍGÙN ÀTI ÌKÓKÓ 16

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọ̀rọ̀ èékánná náà kò ṣeé yọ sílẹ̀ níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ òrùka, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ọ̀kan ló fẹ́ràn ìkejì. Lóde òní tí ilé oge ti kún ìgboro, àtìgboro àtìgbèríko ni wọ́n ti ń lẹ èékánná àtọwọ́dá.

Láàárín ọdún 1997 sí 1998, àjálù kan ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun tó nílò ìtọ́jú àkànṣe, ní ilé-ìwòsàn kan ní ìlú Oklahoma City, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nínú ọmọ 439 tí wọ́n gbà síbẹ̀ láàárín oṣù 15, 46 ló kó kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Pseudomonas aeruginosa. Nínú àwọn 46 yìí, 16 ló kú. Nígbà tí àwọn olùwádìí tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n rí i pé àrùn náà bá ìtọ́jú nọ́ọ̀sì méjì tan. Èékánná ọ̀kan nínú wọn gùn, ti ìkejì jẹ́ èékánná àtọwọ́dá gígùn. Kòkòrò náà wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Iṣẹ́ tí wọ́n yàn láàyò ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ kò mọ̀ọ́mọ̀, kò mọ àìmọ̀ọ́mọ̀.

ÌLÚ VIENNA NI WỌ́N TI KỌ́KỌ́ GBỌ́N

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ọwọ́ fífọ̀ ṣe di òfin nílé-ìwòsàn, àfi kí ó padà sí ìlú Vienna, nílẹ̀ Ọ́stríà, lọ́dún 1846. Ọdún náà ni Ignaz Semmelweis, ọ̀dọ́ dókítà ọmọ ilẹ̀ Húngárì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ẹ̀ka ìgbẹ̀bí ilé-ìwòsàn ńlá ìlú náà. Apá méjì ni ẹ̀ka yìí ní. Àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń gbẹ̀bí ní apá kìn-ín-ní, àwọn agbẹ̀bí ló wà ní ìkejì. Nínú ìyá ọmọ 100 tó bímọ lọ́dọ̀ àwọn dókítà lọ́dún 1846, ó lé ní 11 tó kú. Lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí, wọn kò tó 3. Ibà tó máa ń mú abiyamọ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ ló ń pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé àwọn aboyún máa ń kúnlẹ̀, wọ́n máa ń sunkún, pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà. Ẹni tó kàwé jù ni ikú pọ̀ jù lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1847, Jakob Kolletschka, ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Semmelweis, kú lẹ́yìn tí ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan gún un níka níbi tí wọ́n ti ń la òkú yẹ̀ wò. Nígbà tí Semmelweis ka ohun tí wọ́n rí nínú òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ó jọ ti àwọn abiyamọ tó ń kú. Ojú rẹ̀ là. Ibi òkú ni àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti máa ń wá sí yàrá ìgbẹ̀bí, tí wọ́n á ki ọwọ́ kan náà bọ ara aboyún. Àwọn agbẹ̀bí kì í la òkú ní tiwọn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aboyún àfi tó bá kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi kiloríìnì, ìbátan ohun tí àwọn ìyàwó ilé ń pè ní Jik lóde òní. Ní oṣù kẹrin, kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀, ìyá ọmọ tó ń kú ti lé ní 18 nínú 100. Ní oṣù kẹfà, ó ti já sí bíi 2. Ní oṣù keje, ó di 1 àti díẹ̀. Ọwọ́ náà ni. Kò sí oògùn tuntun, kò sí ẹ̀rọ tuntun.

Ṣùgbọ́n ìyìn tó yẹ kó gbà kò tètè dé. Inú bí ọ̀pọ̀ dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dùn wọ́n pé ẹnì kan dìde pé ọwọ́ àwọn, ọmọ ọlọ́lá, ọ̀mọ̀wé, ló ń pa aláìsàn. Semmelweis fi Vienna sílẹ̀ lọ́dún 1850, wọ́n sì tì í mọ́ ilé àwọn alárùn ọpọlọ lọ́dún 1865, níbi tó kú sí lẹ́ni ọdún 47, tí ọgbẹ́ tó kẹ̀ sì ṣekú pa á. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni iṣẹ́ Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé àti Joseph Lister ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi han gbogbo ayé pé òtítọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ.

ÌKA ỌWỌ́ KAN NÍ ÌLÚ JOS

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtàn òyìnbó nìkan ni èyí. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní tirẹ̀. Lọ́dún 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run ní Lassa, ní apá ibi tó di ìpínlẹ̀ Borno, dùbúlẹ̀ àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú gbé e wá sí Jos, ibẹ̀ ló kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, ti já òdòdó ṣáájú, ẹ̀gún sì ti gún un níka. Ìka yẹn ló fi aṣọ ìwẹgbẹ́ wé, tó fi nu ẹnu aláìsàn náà. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, òun náà ṣàìsàn, ó sì kú. Nọ́ọ̀sì kẹta, Penny Pinneo, tó tọ́jú Shaw, kó o. Wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, orí sì kó o yọ. Lọ́dún 1970, dókítà Jeanette Troup tó ń ṣiṣẹ́ ní Jos gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tó ti ń la òkú ẹni tí àrùn náà pa yẹ̀ wò. Òun náà bá a lọ. Báyìí ni ayé ṣe mọ ibà Lassa, tó ṣì ń pa ènìyàn ní Nàìjíríà títí di òní.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn onílọ-àbọ̀ ni ọwọ́. Bí àrùn ṣe ń gbà á jáde lọ bá aláìsàn ló ń gbà á wọlé bá olùtọ́jú. Nítorí náà, òrùka tó ya ìbọ̀wọ́ kò ṣe aláìsàn nìkan ní ibi. Lọ́dún 2014 tí àrùn Ebola wọ ìlú Èkó, ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì wà nínú wọn. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde sí ìgboro, kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún náà. Ẹni tó bá rántí akọni obìnrin yìí kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́.

KÍ NI ÌLÀNÀ WÍ?

Lọ́dún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà ọwọ́ mímọ́ jáde fún gbogbo ilé-ìwòsàn. Ó rọ òṣìṣẹ́ gidigidi pé kí wọ́n má wọ òrùka tàbí ẹ̀ṣọ́ mìíràn lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú. Níbi tí ẹ̀sìn tàbí àṣà bá ti le koko lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n lè fàyè gba òrùka ìgbéyàwó pẹrẹsẹ kan ṣoṣo fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ní yàrá iṣẹ́ abẹ àti irú ibi eléwu bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní láti kúrò. Ìlànà kan náà ní kí ẹnikẹ́ni tó ń fọwọ́ kan aláìsàn má lẹ èékánná àtọwọ́dá, kí ó sì gé ti ara rẹ̀ kúrú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba tilẹ̀ ti ṣáájú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, Alan Johnson tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera kéde pé láti igbá-ìgbọ̀nwọ́ dé ọmọ ìka, ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ wà ní ìhòòhò: kò sí aago, kò sí ẹ̀gbà, kò sí aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Òrùka ìgbéyàwó tí kò ní òkúta nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin Mùsùlùmí sọ pé ẹ̀sìn àwọn kò fàyè gba kí apá àwọn hàn, wọ́n wá ọ̀nà àbáyọ: ọwọ́ aṣọ tí wọ́n lè lò lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sọ nù.

Ìgbà márùn-ún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí òṣìṣẹ́ wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́: kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, kó tó ṣe iṣẹ́ tó gba ìmọ́tótó bíi abẹ́rẹ́ tàbí ọgbẹ́ wíwẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara bá ṣeé ṣe kó ta bá a, lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kan aláìsàn, àti lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹrù aláìsàn. Ìbọ̀wọ́ kò sì rọ́pò ọwọ́ fífọ̀.

ÒRÙKA TÍ Ń DÁ IJÀ SÍLẸ̀ NÍLÉ

Ohun tó ń mú kí ọ̀pọ̀ obìnrin fi òrùka sílẹ̀ lọ́wọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Ìyàwó tó bọ́ òrùka lè bá ìbéèrè nílé. Ọkọ lè fura, ìyá ọkọ lè sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ọkùnrin tí kò níṣẹ́ sì lè máa yọ ọ́ lẹ́nu níbi iṣẹ́. Ẹ̀rù pé òrùka wúrà lè sọnù nínú àpò aṣọ iṣẹ́ tún wà níbẹ̀.

Àbáyọ rẹ̀ kò le. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ dábàá pé kí òṣìṣẹ́ fi ẹ̀wọ̀n ọrùn so òrùka rẹ̀, kó wà lábẹ́ aṣọ. Ọkọ tó bá mọyì iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ yóò gbà pé òrùka tó wà láyà kò kúrò nítòsí ọkàn. Kí àwọn olórí wọ́ọ̀dù sì fi ara wọn ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ohun tí ọ̀gá bá ń ṣe ni ọmọ iṣẹ́ ń kọ́. Dókítà àgbà tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu òrùka nọ́ọ̀sì, tí aago ńlá sì wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, ń fi ẹnu kọ́lé tí ọwọ́ rẹ̀ ń wó.

OMI DÀ?

Ìdáhùn kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fọ̀, kò sì ṣeé dá wọn lẹ́bi lé lórí: níbo ni omi wà? Ní àwọn ilé-ìwòsàn kan, ẹ̀rọ omi ti gbẹ, korobá ni wọ́n fi ń pọn ọ́n. Bíbọ́ òrùka nìkan kò lè fọ ọwọ́ tí kò rí omi. Ojúṣe ìjọba àti àwọn aláṣẹ ilé-ìwòsàn ni èyí.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan wà tí kò gba omi púpọ̀. Ní ìlú Geneva, Dókítà Didier Pittet àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé omi apakòkòrò tó ní ọtí líle nínú sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí òṣìṣẹ́ lè fi ra ọwọ́ láìrìn jìnnà. Láàárín ọdún 1994 sí 1997, ìgbà tí òṣìṣẹ́ ń wẹ ọwọ́ mọ́ nínú ìgbà 100 tó yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀ gòkè láti 48 sí 66. Aláìsàn tó ń kó àrùn nílé-ìwòsàn sì relẹ̀ láti nǹkan bíi 17 nínú 100 sí 10. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi bí wọ́n ṣe ń pò ó hàn fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ́tánọ́ọ̀lù, háídírójìn pẹ́rọ́sáídì, gílísáríìnì, àti omi tí wọ́n sè tó ti tutù. Apoògùn ilé-ìwòsàn lè pò ó. Ògógóró kò lè dípò rẹ̀, agbára rẹ̀ kò tó. Bí ọwọ́ bá sì ti ní ìdọ̀tí tí ojú rí, ọṣẹ àti omi ni dandan.

Aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ náà kì í ṣe òǹwòran. Kò sí ìwà àfojúdi nínú kí ènìyàn fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Sístà. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ti fọ ọwọ́?” Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Ẹbí tó wá kí abiyamọ náà gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ tirẹ̀ kó tó gbé ọmọ, kí ó sì yọ òrùka rẹ̀ sápò.

Ọwọ́ ọ̀tún ní ń wẹ òsì, tí òsì ń wẹ ọ̀tún, kí ọwọ́ méjèèjì tó mọ́. Kí ìjọba pèsè omi, kí òṣìṣẹ́ bọ́ òrùka, kí aláìsàn má bẹ̀rù láti béèrè. A lè bọ́ wúrà lárọ̀ọ́ ká wọ̀ ọ́ padà lálẹ́. Ìyá ọmọ tó bá lọ kò ní padà mọ́.